Ihò Tí Bíríkìlà Mọ̀ọ́mọ̀ Dá Sí

Bíríkìlà tó bá fi ihò sílẹ̀ lára ògiri, wọ́n á ní kò mọṣẹ́. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni pé kí símẹ́ńtì dé gbogbo kọ̀rọ̀, kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe lára ilé tuntun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí fi wù mí wò: ihò gan-an ni wọ́n ń mọ mọ́ ògiri.

Ẹyẹ kan tó ń jẹ́ swift ni wọ́n ń mọ ihò náà fún. Ẹni bá rí i lókèèrè á pè é ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀, bí apá rẹ̀ ṣe tẹ̀ bíi dòjé. Ojú ọ̀run ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń sùn, ibẹ̀ náà ni takọtabo ti ń pàdé. Nítorí ẹyin nìkan ló ṣe ń wá ihò, abẹ́ òrùlé ilé àtijọ́ ló sì ti máa ń rí i. Nígbà tó bá ti ilẹ̀ Áfíríkà dé lóṣù Karùn-ún, ihò èṣí ló ń padà sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ilé ṣe, wọ́n ti dí i pa nítorí òtútù. Ní 2021, orúkọ rẹ̀ wọ inú àkójọ pupa àwọn ẹyẹ tó ń tán lọ ní Bìrìtéènì.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mọ bíríkì oníhò mọ́ ilé tuntun. Àpótí ni bíríkì náà: inú rẹ̀ ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ dí gbọn-in, kí òtútù má bàa ti ibẹ̀ wọ yàrá onílé. Kò yẹ kó wálẹ̀ ju mítà 5 lọ, torí swift a máa já bọ́ láti ẹnu ihò kí apá tó gbé e. Igi tàbí wáyà kò gbọdọ̀ dí i lójú ọ̀nà. Ògiri tó kọjú sí gúúsù lè se ọmọ ẹyẹ mọ́nú. Àríwá tàbí ìlà-oòrùn ló dáa.

Bíríkìlà á tẹ́ símẹ́ńtì tútù, á gbé àpótí lé e, á máa gbá a díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ lára okùn tó ta, títí iwájú rẹ̀ yóò fi bá ti àwọn bíríkì yòókù dọ́gba. Tó bá yọ síta, omi òjò á jókòó lé e. Ẹnu ihò ni mo ti ń mọ ọ̀gá: kò fẹ̀ ju nǹkan bí mìlímítà 65 lọ, gíga rẹ̀ kò ju bí 30 lọ. Símẹ́ńtì díẹ̀ tó ṣàn síbẹ̀, tó sì gbẹ, ti sé ẹyẹ mọ́ta. Tí iṣẹ́ bá pé, ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Nílùú Brighton, láti 2020 ni ìjọba ìbílẹ̀ ti ń béèrè bíríkì yìí lára ilé tuntun tó bá ga tó.

Ihò náà lè ṣófo fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ọmọ ẹyẹ kan á wà nínú òkùnkùn rẹ̀, á tẹ apá méjèèjì mọ́lẹ̀, á máa fi gbé ara rẹ̀ sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń ṣeré ìdárayá. Lọ́jọ́ kan á já bọ́ síta, á sì fò, láìjẹ́ pé ó fò rí. Bíríkìlà ti wà lára ilé mìíràn nígbà náà, ó ń dí ihò.