Lẹ́tà Tí Òǹkàwé Ń Retí

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá lẹ́tà ìròyìn orí íméèlì sílẹ̀ ní Kpingni, kí ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ I. B. Thomas ní Èkó. Ní 1928 ni ó dá Akede Eko sílẹ̀, ní èdè méjì bíi tiwa: Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1929 sí 1930, ó tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: aṣẹ́wó àtijọ́ tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ ń jẹ́wọ́. Thomas gan-an ni ó ń kọ wọ́n. Àwọn òǹkàwé gbà wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń fèsì.

Kí ni ó fà wọ́n? Lójú tiwa, ohùn ènìyàn kan tí ó ń pòwe, tí ó sì ń dárúkọ àdúgbò tí wọ́n mọ̀ ni. Ìtàn náà kò sì tán lọ́jọ́ kan. Ìfarapamọ́ Thomas ni a kò gbà: ẹni tí ó fún wa ní àdírẹ́sì rẹ̀ ti fọkàn tán wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ nìkan ni a bá ń fi ránṣẹ́, àdírẹ́sì ni a ó kó jọ, a kò ní ní òǹkàwé.