Aké àti Irọ́ Tí Mo Pa fún Àbúrò Mi

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin bi mí ní ìbéèrè kan lórí fóònù. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó ní, "Bọ̀dá, ọjọ́ wo gan-an lẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ máa ṣe?"

Kíá ni mo dá a lóhùn, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn yẹn fáwọn èèyàn. Mo ní nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2013, tá a jókòó sílé fún ohun tó ju oṣù márùn-ún lọ, mo kọ ètò kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà fún ìyá kan tó ń ta oògùn ládùúgbò wa, kó lè máa mọ iye ọjà tó kù nílẹ̀. Mo ní lọ́jọ́ tí ètò náà ṣiṣẹ́, ṣe ni ojú mi là, mo mọ̀ pé mo ti rí ọ̀nà mi.

Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Irú ọjọ́ yẹn ò tíì dé bá mi o. Bóyá kò tiẹ̀ ní í dé mọ́."

Irọ́ ni mo pa fún un. Ètò yẹn ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ebi ń pa mí. Mo gba owó mi, mo lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ kan, tí wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, ni mo tó padà lọ wá ọjọ́ yẹn jáde, tí mo wọ aṣọ fún un. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé e kiri.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n tún Aké kà, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1981 nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, nítorí náà ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká bá ń dẹ́rù bà kò ní àwáwí mọ́.

Ọ̀pọ̀ wa ló rántí ibi tí ọmọ náà ti tẹ̀ lé ẹgbẹ́ onílù àwọn ọlọ́pàá. Ó ku bí oṣù mẹ́fà kó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ìlù ń dún, fèrè ń ké, ó jáde nílé, ó ń bá wọn lọ. Àwọn ọmọ yòókù yà padà, òun ò yà, àfi ìgbà tó bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìbarà. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé e padà wálé. Ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n lára pé òun kì í ṣe ẹni tó jáde nílé mọ́.

Ká ní ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí, irú ìtàn tí mo sọ fún àbúrò mi náà ni ì bá jẹ́. Ìlù dún, ọmọ tẹ̀ lé e, ayé ọmọ yí padà. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kún orí pẹpẹ àwọn tó ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn ún gbọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tó ká mi lára jù nínú ìwé náà, kò sí ìlù níbẹ̀ rárá.

Àwọn obìnrin tó kàwé, àwọn oníkaba, ń ṣèpàdé lọ́dọ̀ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ìyá Fela. Ìyá Ṣóyínká wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé àti ti àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó yẹ kí àwọn aróṣọ, àwọn obìnrin ọjà tí kò mọ̀wé, wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n dá kíláàsì sílẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ kékeré yìí wá bá wọn kọ́ àwọn ìyá ní ABD.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pẹ́ dé. Wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní àwọn agbowó-orí ló ń dá àwọn dúró lójú ọ̀nà. Ó parí! Ọ̀rọ̀ ìwé di ọ̀rọ̀ owó orí, ọ̀rọ̀ owó orí gbé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dé ẹnu ọ̀nà ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀, ọmọ náà sì ń sáré jíṣẹ́ láàárín wọn. Ní 1949, Aláké Adémọlá Kejì fi orí oyè sílẹ̀.

Ẹ wo bí Ṣóyínká ṣe kọ ibẹ̀. Kò dá wa dúró kó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí nǹkan ti yí padà nìyí o." Àgbàlagbà tó ń kọ̀wé mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n kò yọ ojú ọmọ kúrò kó fi ojú àgbà dípò. Ìpẹ́dé lásán ni ọmọ náà rí, àwa náà sì bá a rí ìpẹ́dé lásán.

Nídìí iṣẹ́ tiwa, kọ̀ǹpútà máa ń kọ ohun tó bá ń ṣe sílẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Log là ń pè é. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, a máa padà lọ wá ìlà tó fa wàhálà. Tá a bá rí i tán, yóò dà bíi pé ó hàn kedere. Àmọ́ nígbà tí ìlà yẹn ń wọlé, kò yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ìlà tó ṣáájú rẹ̀.

Mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú ìwé náà o. 1934 ni wọ́n bí Ṣóyínká. Ìwé náà parí nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó ń múra àtilọ sí Government College n'Íbàdàn, níbi tó ti wọlé ní 1946. Bẹ́ẹ̀, 1947 sí 1948 ni ìjà àwọn obìnrin yẹn gbóná jù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìrántí ti fa ìjà náà sẹ́yìn, kó lè bọ́ sínú ìgbà èwe. Ẹni tó bá fẹ́ fi Aké kọ́ ìtàn ìlú gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Ṣé irọ́ lòun náà pa ni? Mo rò ó títí. Lójú tèmi, ohun tó ṣe yàtọ̀ sí tèmi. Ó tún ọjọ́ tò, ṣùgbọ́n ó fi àìmọ̀ ọmọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Kódà, lẹ́yìn gbogbo rògbòdìyàn yẹn, àròyé nípa bàtà àti àpò ṣòkòtò ní ilé ẹ̀kọ́ ló kù lẹ́nu ọmọ. Èmi ní tèmi, àìmọ̀ mi gan-an ni mo gé dànù nínú ìtàn mi. Òun sì ni àbúrò mi nílò jù.

Mo pè é padà lọ́sẹ̀ yẹn. Mo sọ òótọ́ fún un, látorí ebi títí dórí búrẹ́dì. Ó kọ́kọ́ bínú díẹ̀, ó ní ìtàn yẹn lòun ti fi ń wọn ara òun láti ìgbà tóun wọ yunifásítì. Mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé kí ló ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ní òun kàn bá ìyá onílé wọn tún rédíò rẹ̀ ṣe ni.