Ìmísí Kò Jìnnà sí Ẹnu Iṣẹ́: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Àwọn Oníṣẹ́-Ọnà Òṣogbo

Nínú ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kọ nípa àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìtàn kan ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọnà wọ inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀, wọ́n sì jáde ní ayàwòrán tí ayé ń kan sáárá sí. Ìtàn yìí dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ó mú un dà bí ẹni pé òfìfo ni ojú àti ọwọ́ àwọn ènìyàn náà kí àlejò tó dé bá wọn. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn àkọ́kọ́, àti pé lámèyítọ́ tí kò bá ka iṣẹ́ òòjọ́ náà mọ́ ọnà kò tíì ka ọnà náà tán.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ilé náà. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier sọ ilé ọtí Ládiípọ̀ ní Òṣogbo di gbàgede eré àti àwòrán. Mbari ni wọ́n pè é, bí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà ní Ìbàdàn ti ń jẹ́ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni, tí ó jẹ mọ́ ilé ère amọ̀ tí wọ́n ń kọ́ fún òrìṣà. Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò, ṣùgbọ́n etí wọn gbọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ náà: bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Bí orúkọ ṣe di Mbárí Mbáyọ̀ nìyẹn. Kò sí akéwì kan tí ó jókòó hun ún. Ẹnu ará ìlú ni ó ti jáde. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ọnà wà nínú rẹ̀: rírí ni ó ń ṣáájú ayọ̀.

Ẹ wo Aṣírù Ọlátúndé. Alágbẹ̀dẹ ni kí ó tó di oníṣẹ́-ọnà, nígbà tí ó sì di oníṣẹ́-ọnà, kò ju òòlù sílẹ̀. Ojú bàbà àti páànù ni ó ń lù tí igi eléwé, ẹranko, ọba àti èrò ọjà fi ń yọ síta. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé àmì òòlù wẹ́wẹ́ ni ó fi ń dí àlàfo àárín àwòrán. Àwọn kan lè pe èyí ní ẹwà àìmọ̀ọ́ṣe. Lójú tiwa, ìmọ̀ọ́ṣe alágbẹ̀dẹ gan-an ni, ẹni tí ó ti mọ̀ lára irin bí a ṣe ń ka ìlù òòlù.

Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Ní ìlú wa, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ ní ìlànà àwọn Àgùdà máa ń ní ère kìnnìún àti ẹranko mìíràn tí a fi símẹ́ǹtì mọ, àwọn bíríkìlà náà ni wọ́n sì ń mọ ọ́n. Láti inú àṣà yìí ni Àkànjí ti bọ́ sí ara ògiri onífèrèsé-fèrèsé tí ìtàn kún inú rẹ̀, ó sì bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n iyanrìn àti omi tí símẹ́ǹtì tútù fi ń dúró kò lè mọ irú ère bẹ́ẹ̀.

Jimoh Buraimoh ní tirẹ̀ ni ó ń mójú tó iná ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ kí ó tó di ẹni tí a mọ̀ mọ àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Ojú tí ó ti ń ṣọ́ bí iná ṣe ń pa àwọ̀ aṣọ òṣèré dà kò lè ṣàjèjì sí bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀.

A kò sọ èyí láti bu àwọn olùkọ́ kù. Denis Williams ní ọdún 1962 àti Georgina Beier ní ọdún 1964 pèsè ọ̀dà, àyè àti ìgboyà. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo alágbẹ̀dẹ ni ó di Aṣírù. Iṣẹ́ òòjọ́ nìkan kì í di ọnà. Títún un wò ni ó ń sọ ọ́ di ọnà. Ẹ̀rí èyí hàn nígbà tí àwọn ìran tí ó tẹ̀lé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdàkọ àwòrán kan náà fún àwọn arìnrìn-àjò. Ojú oníbàárà ni wọ́n ń wò nígbà náà, wọn kò wo ìgbésí-ayé mọ́. Ọwọ́ ṣì já fáfá, ṣùgbọ́n ìmísí ti gbẹ.

Lítíréṣọ̀ wa jẹ́rìí sí i. Nígbà tí Isaac Thomas bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní ọdún 1929, lẹ́tà sí olóòtú, ohun tí òǹkàwé ń rí lójoojúmọ́, ni ó fi ṣe àwọ̀ ìtàn. Ó jọ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí òǹkàwé tí ó fi owó ránṣẹ́ sí obìnrin tí kò sí láyé. Ní ọdún 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde, ìfẹ́ àti wàhálà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ó sì fi dípò iwin àti igbó tí àwọn òǹkàwé ti mọ̀ mọ ìtàn àròsọ Yorùbá.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Olúpọ̀nnà tàbí ọmọ ìlú kékeré mìíràn ní agbègbè Ìwó a máa sọ pé kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé tí ó tó kọ. Kò jìnnà sí Òṣogbo, síbẹ̀ ìtàn Òṣogbo tí a kọ́ ọ ni pé àlejò ni ó ń gbé ìmísí wá. Nítorí náà ó ń dúró de àlejò. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, ó mọ ìgbà tí iná pọ̀ jù láti inú òórùn rẹ̀ nìkan. Télọ̀ àdúgbò ń fi ojú wọn ènìyàn kí ó tó na okùn ìwọ̀n. Ìmọ̀ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n a kò tíì kọ́ ọmọ náà láti kà á sí ìmọ̀.

Bí a bá tún ìtàn Òṣogbo sọ bí ó ṣe yẹ, tí a dárúkọ òòlù, símẹ́ǹtì àti iná ìtàgé kí a tó dárúkọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọmọ náà yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ ìwé kíkọ bi akẹ́kọ̀ọ́ ni: iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?