Lórí Pípe Ààlà Ìṣirò Ní Ògiri

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, sọ orúkọ etí ìṣirò kọ̀ǹpútà tí kì í dá ariwo padà, ó lè kọ 'ògiri aláìgbohùngbohùn'. A kò fara mọ́ ọn. Kò sí ògiri níbẹ̀. Ibi tí ìṣirò parí sí lásán ni, afẹ́fẹ́ gidi ṣì ń bá a lọ. Bí a kò bá tún etí náà ṣe, ariwo bàálù inú ìṣirò yóò kọlù ú, yóò padà, yóò sì ba èsì jẹ́. 'Ààlà ajẹ́kóhùn-kọjá' sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, àbá Engquist àti Majda (1977) ń jẹ́ kí ohùn tí ó wá tààrà kọjá dáadáa. Èyí tí ó fi ẹ̀gbẹ́ kàn án, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń padà. Nítorí náà, kí olùyẹ̀wò má ṣe yọ máàkì ẹni tí ó bá kọ 'ààlà adín-gbohùngbohùn-kù'.