Iṣẹ́ Ẹrú, Ìjẹ́ Ọmọ: Lámèyítọ́ lórí Ìṣípòpadà Owó Ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí gba ìránṣẹ́ láyè láti lo ọgbọ́n orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á láyè láti jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ìyàtọ̀ yìí ni a óò fi yẹ òfin Amẹ́ríkà wò, èyí tó gba ìpínlẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè láyè láti ṣí owó ìjọba àpapọ̀ nípò láti ètò kan sí òmíràn.

Ìtàn Òfin Náà

Ní 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó gbé owó kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tálákà. Ní 1969, Ruby Martin àti Phyllis McClure gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé ní ibi púpọ̀, owó ọmọ tálákà ti di owó ìnáwó gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1970, a kọ ọ́ sínú òfin pé owó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àfikún sí owó ìpínlẹ̀, kò gbọdọ̀ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, okùn tún dẹ̀. Òfin No Child Left Behind, tí George W. Bush fọwọ́ sí ní 2002, gba ìgbìmọ̀ agbègbè láyè láti ṣí tó ìdajì owó àwọn ètò kan nípò. Every Student Succeeds Act ti 2015 sọ ìdajì náà di odidi.

Lámèyítọ́

A kò lè sọ pé àyè yìí kò wúlò. Ìgbìmọ̀ ìgbèríko tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tó 600 lè gba owó táṣẹ́rẹ́ lórí ètò kọ̀ọ̀kan, tí èyíkéyìí kò ní lè dá nǹkan gidi ṣe. Bó bá da wọ́n pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò tó nǹkan. Òfin náà tún gbọ́n níbì kan: owó lè wọ inú àpò ọmọ tálákà, kò lè ti ibẹ̀ jáde.

Àpò wo wá ni owó ń tì jáde? Pàtàkì nínú wọn ni àpò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Òfin ní kí ìgbìmọ̀ fi tó ìpínlẹ̀ létí, kí ó sì tún ètò rẹ̀ kọ. Kò ní kí ó fi hàn pé àìní àwọn olùkọ́ ti tán. Èso ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè hàn, nítorí náà òun ni ó rọrùn láti gé nígbà tí ọwọ́ bá há. Ẹni tó mú owó olùkọ́ láti fi ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ gbàgbé pé ọwọ́ olùkọ́ yẹn náà ni ọmọ yóò padà sí.

Àríkọ́gbọ́n fún Nàìjíríà

Tiwa yàtọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ní kí ìpínlẹ̀ mú ìdajì tirẹ̀ wá kí ó tó gba ẹ̀bùn ìjọba àpapọ̀. Okùn yìí le débi pé owó ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti sùn láìgbà, nígbà tí àwọn ọmọ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ní èrò tiwa, líle tàbí dídẹ̀ okùn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìjíhìn ló ṣe kókó. Kí ẹni tó bá ṣí owó nípò kéde iye rẹ̀, àpò tí ó ti mú un àti ohun tí yóò ṣe fún àwọn tí ó mú un lọ́wọ́ wọn. Ìránṣẹ́ tó fi tọmọ jẹ́ṣẹ́ kì í bẹ̀rù àtipadà wá jábọ̀.