Ẹ̀kọ́ Orí Ìsọ̀

Àwọn ìyá tó ń ta ata, tòmátì, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìjerò, Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n l'Ékìtì mọ òwò dénú eegun. Ewédú tí wọ́n já láàárọ̀ á ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó dín owó ọjà kù. Wọ́n á kọ́ ọ láti ṣa èyí tó ti ń rà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, láti ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọbẹ̀, àti láti mọ ẹni tó ṣeé tà fún láwìn. Lójú tèmi, ìmọ̀ gidi nìyẹn.

Àwọn obìnrin ọjà tún mọ bí a ti ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. L'Ékòó, Alimotu Pelewura, olórí ọjà Eréko, kó àwọn obìnrin jọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fipá dá iye owó lé oúnjẹ. Ìjọba fi owó lọ̀ ọ́ kó lè ti ètò náà lẹ́yìn, ó kọ̀ jálẹ̀. Ní 1945, ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ wa tó bu owó lé ìsọ̀, àwọn Ìyálọ́jà ló yẹ kó kọ́kọ́ pè jókòó.