"Difference" àti Ìyàtọ̀: Àyẹ̀wò Orírun, Ìtumọ̀ àti Ìlò

Ìfáàrà
Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ògbufọ̀ àti nínú kíláàsì, ìyàtọ̀ ni wọ́n fi ń túmọ̀ "difference" níbi gbogbo. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé àṣà náà kù díẹ̀ káàtó, nítorí ẹrù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yìí rù, Yorùbá sì ti pín ẹrù náà.

Orírun
Inú èdè Látìn ni "difference" ti ṣẹ̀, láti ara "differre". "Dis-" dúró fún ìpínyà, "ferre" sì túmọ̀ sí gbígbé: gbígbé nǹkan lọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gba inú èdè Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ìyàtọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀-ìṣe yà àti ọ̀rọ̀-orúkọ ọ̀tọ̀. Yíyà sí ọ̀tọ̀ ló ń sọ. Kò ka iye, kò sì dárúkọ ìjà.

Ìlò
Bí ọ̀rọ̀ bá dá lórí àìjọra, ìyàtọ̀ ṣe wẹ́kú. Ìyàtọ̀ ohùn ló mú kí ọkọ́ jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀, tí ọkọ̀ sì jẹ́ ohun ìrìnnà.

Nínú ìṣirò ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá bèèrè pé, "Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin 9 àti 4?", akẹ́kọ̀ọ́ tó dáhùn pé 9 tóbi ju 4 lọ kò jẹ̀bi, ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè náà bá jẹ́, "Mélòó ni 9 fi ju 4 lọ?", kíá ni yóò dáhùn pé 5. Ọmọ tó ń ka mẹ́rìndínlógún, ìyẹn 4 tó dín nínú 20, ti ń fi ẹnu yọ iye kúrò nínú iye kó tó dé ilé ìwé.

Ẹrù kẹta ni aáwọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ méjì "yanjú ìyàtọ̀ wọn" ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Aáwọ̀ ni Yorùbá ń parí. Èdè-àìyedè ni wọ́n ń yanjú.

Àríyànjiyàn
Ẹnìkan lè sọ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ a máa gbòòrò, pé ìyàtọ̀ lè di èdè-ìperí nínú ìṣirò. Kò burú, bí olùkọ́ bá kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀. Ìwà àìbìkítà ni kí ó gbé e kalẹ̀ láìṣàlàyé, kí ó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní òdo lórí ìdáhùn tó tọ̀nà.

Ìgúnlẹ̀
Ó yẹ kí olùkọ́ èdè àti ti ìṣirò bi ara wọn kí wọ́n tó túmọ̀ "difference": ṣé àìjọra ni, àbí iye, àbí aáwọ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni yóò sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ní lílò.